Bí Ará Èkìtì Ṣe Lè Lọ Gbá Gọ́ọ̀fù Létí Òkun

Ẹ má tíì sáré ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù. Kàlẹ́ńdà ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Púpọ̀ nínú àwa tí à ń gbá gọ́ọ̀fù ní sàkáání Adó-Èkìtì, Ìlárá-Mọ̀kín la ti mọ̀ ọ́n. A ó gba Ìláwẹ̀, a ó gba Ìgbàrà-Odò já sí Ìgbàrà-Òkè, títí a ó fi dé Smokin Hills, pápá oníhò 18 tí Olóyè Michael Adé-Òjó ṣe sí ìlú wọn. Ilẹ̀ olókè ni. Ẹsẹ̀ wa ti mọ bí a ṣe ń dúró níbi tí ilẹ̀ ti dagun, ojú wa sì ti mọ ibi tí bọ́ọ̀lù máa yí lọ. Èyí tí a kò mọ̀ ni atẹ́gùn òkun. Òkun ní àkókò tirẹ̀, àkókò yẹn ló sì yẹ kí ẹ fi ṣètò gbogbo nǹkan: oṣù tí ẹ máa lọ, apá ibi tí ẹ máa dé sí, wákàtí tí ẹ máa jáde. Ẹni tó bá fi bí owó rẹ̀ ṣe tó nìkan ṣètò, owó yẹn ni afẹ́fẹ́ máa gbé lọ.

Tíṣà eré ìdárayá ni mí kí n tó fẹ̀yìntì, Ìkẹ́rẹ́ ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, kí ẹ má bínú bí ẹ bá ń gbọ́ ohùn fèrè nínú ọ̀rọ̀ mi. Nínú ẹgbẹ́ àwa obìnrin tí à ń gbá, èmi ni wọ́n máa ń gbé ètò ìrìn-àjò lé lọ́wọ́, torí mo máa ń ka ìwé àdéhùn dé ibi tí lẹ́tà rẹ̀ ti kéré jù. Erékùṣù Mauritius tó wà nínú Òkun Íńdíà ni mo máa fi ṣàpẹẹrẹ. Ẹni tó ń lọ sí etíkun mìíràn yóò rí ohun tó máa mú lò nínú rẹ̀.

Ìgbà tiwọn kò bá tiwa mu, torí ìsàlẹ̀ ìlà agbedeméjì ayé ni wọ́n wà. Láti November sí April, ooru mú, òjò ń rọ̀, ìjì líle sì lè jà nígbàkigbà. May sí October ni ara máa ń tù. Ẹ ó ní ọ̀rọ̀ ti tán, kí a sáà lọ láàárín May sí October. Kò tíì tán. Atẹ́gùn kan wà tó máa ń fẹ́ wá láti gúúsù ìlà-oòrùn, inú oṣù tí ara tù yẹn gan-an ló sì máa ń le jù, pàápàá July àti August. August ọ̀hún náà ni ìsinmi gígùn ilé ìwé, ìgbà tí gbogbo tíṣà Èkìtì tó ráyè máa ń fẹ́ jáde! Bí ó bá jẹ́ August nìkan lẹ ráyè, ẹ lọ, ṣùgbọ́n etíkun ìwọ̀-oòrùn ni kí ẹ dé sí, ní ìhà Flic en Flac àti Tamarin, torí àwọn òkè tó wà láàárín erékùṣù náà máa ń gba atẹ́gùn dúró. Ìlà-oòrùn ló ń fi àyà gbà á. Ẹni tó bá lè yan oṣù fúnra rẹ̀, May tàbí October ni màá sọ fún un.

Ìlà-oòrùn yẹn náà ni pápá tí òkìkí rẹ̀ kàn jù wà, Île aux Cerfs, tí Bernhard Langer, agbá-gọ́ọ̀fù ará Jámánì, yàwòrán rẹ̀. Erékùṣù kékeré ni, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń gbé àwọn tó fẹ́ gbá débẹ̀. Òkúta dúdú tí òkè oníná pọ̀ jáde láyé àtijọ́ wà káàkiri, omi wà lápá ọ̀tún, omi wà lápá òsì, bọ́ọ̀lù tó bá sì yà bàrá kò ní padà wá. Ní gúúsù, ní Bel Ombre, pápá méjì ni iléeṣẹ́ Heritage ní: Le Château, àti La Réserve tí wọ́n ṣí ní 2023, tí Louis Oosthuizen, agbá-gọ́ọ̀fù ará South Africa, wà lára àwọn tó yàwòrán rẹ̀. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ má fi Île aux Cerfs bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló máa ń fẹ́ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá dé, torí fọ́tò. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ kọ́kọ́ yọ́ níbi tí òkun kò ti sún mọ́ yín jù.

Owó ńkọ́? Àjọ la máa ń dá, oṣooṣù, ṣùgbọ́n a kì í fi náírà pamọ́. Bí owó bá ti wọlé ni a ti ń sọ ọ́ di owó òkèèrè sínú àkáǹtì dọ́mù, torí náírà tí ẹ kó jọ ní January lè má ra ìdajì yàrá ní September. Kí ẹ jẹ́ mẹ́rin, torí mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n máa ń jáde lórí pápá. Bí ẹ bá jẹ́ méjì, wọ́n lè so yín mọ́ àjèjì méjì. Ìyẹn kò burú, àmọ́ ẹ kò ní lè fi ara yín ṣe yẹ̀yẹ́ bó ṣe wù yín.

Bí ẹ bá ti rí ilé ìtura tó wù yín, ìmeèlì ni kí ẹ fi béèrè ọ̀rọ̀, ẹ má fi fóònù, kí èsì lè wà lákọsílẹ̀. Ibì kan wà tí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé gọ́ọ̀fù ọ̀fẹ́ ni fún àlejò. Òótọ́ ni, pápá jẹ́ ọ̀fẹ́. Ọkọ̀ kékeré tí a máa fi yí pápá ká ni kì í ṣe ọ̀fẹ́, kò sì sí ẹni tí wọ́n gbà kó fẹsẹ̀ rìn. Nítorí náà: ọkọ̀ kékeré wà nínú owó náà tàbí kò sí? Bọ́ọ̀lù ìdánrawò ńkọ́? Ọkọ̀ ojú omi ńkọ́? Ọjọ́ mélòó ṣáájú ni a lè gba àkókò òwúrọ̀? Wọ́n ha máa béèrè ìwé háńdíkápù, ìyẹn nọ́ńbà tó ń fi hàn bí ènìyàn ṣe mọ̀ ọ́n gbá tó, tó máa ń ga fún ẹni tó ṣì ń kọ́ ọ? Gíga jù tí òfin gbà láti 2020 ni 54, fún ọkùnrin àti obìnrin, kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ má bẹ̀rù, kó sáà gba ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ kílọ́ọ̀bù rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ yá ọ̀pá tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ dípò kí ẹ gbé tiyín, ẹ béèrè bóyá wọ́n ní ti obìnrin àti ti ọlọ́wọ́ òsì. Ọlọ́wọ́ òsì kan wà nínú ẹgbẹ́ wa, òun ló kọ́ wa láti máa béèrè.

Ẹ má gbá lójoojúmọ́. Mo mọ̀ pé owó ti lọ, ẹ sì fẹ́ gbádùn rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó bá máa lo ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀ẹ̀mẹta ti tó, kí ọjọ́ kan máa wà láàárín tí ẹ máa fi jókòó wo omi. Ọjọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ jí níbẹ̀, ẹ má gbá rárá. Wákàtí mẹ́ta ni wọ́n fi ṣíwájú wa: nígbà tí aago mẹ́fà ààbọ̀ bá lù níbẹ̀ láàárọ̀, aago mẹ́ta ààbọ̀ òru ni ní Adó, àkùkọ àdúgbò Bàsírì kò tíì ronú àtikọ.

Láti ọ̀dọ̀ wa, kò sí bàálù tó lọ tààrà. Àwọn kan máa ń gba Nairobi, àwọn kan Dubai, àwọn kan Johannesburg. Bí ẹ bá wọ bàálù kékeré láti Àkúrẹ́ lọ sí Èkó, ẹ kọ́kọ́ pe iléeṣẹ́ wọn nípa àpò gọ́ọ̀fù, torí ó gùn, ó lè má ráyè nínú ikùn bàálù lọ́jọ́ yẹn. Bí ẹ bá ra tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa gba ẹrù ní Èkó, tí ẹ ó tún lọ fi sílẹ̀ lákọ̀tun, nítorí náà ẹ fi àyè gbàǹgbà sáàárín. Ẹ mú káàdì ìbà pọ́njú dání, wọ́n máa ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ti ilẹ̀ wa wá. Oògùn tí dókítà kọ fún yín, nínú páálí rẹ̀ ni kí ó wà, pẹ̀lú lẹ́tà dókítà, torí wọn kì í fi ọ̀rọ̀ oògùn ṣeré níbẹ̀. Ẹran gbígbẹ àti èso tútù, ẹ fi sílé. Ní ti ọ̀rọ̀ físà, òfin máa ń yí padà, ojú òpó ìjọba wọn ni kí ẹ ti wò ó lọ́sẹ̀ tí ẹ fẹ́ sanwó, ẹ má gbà á gbọ́ lẹ́nu aṣojú tíkẹ́ẹ̀tì.

Àpò wá kàn, ibẹ̀ ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀. Òfin ní kí ọ̀pá tí ẹ máa gbé lọ sórí pápá má ju 14 lọ, ṣùgbọ́n fún ìrìn-àjò yìí, kò pọndandan kí ẹ kó gbogbo rẹ̀. Ẹ lọ sí Ọjà Ọba, ẹ ra mọ́ọ̀bù onígi, ẹ yọ orí rẹ̀ dànù. Ẹ mú igi náà lọ bá káfíńtà kó gé e kí ó fi bí ìka mẹ́rin ga ju dráífà yín, ìyẹn ọ̀pá tó gùn jù nínú àpò. Ẹ fi àkísà wé orí igi náà, ẹ dè é dáadáa, ẹ wá kì í bọ àárín àwọn ọ̀pá. Bí àwọn agbẹ́rù bá ju àpò náà sílẹ̀ tó fi orí sọlẹ̀, igi mọ́ọ̀bù ló máa gba ìyà náà dípò dráífà. Mo ti rí àpò tó dé láti inú bàálù tí etí rẹ̀ ti wó, tí ẹni tó ni ín ti ń pariwo Jésù, tí a ṣí i, tí gbogbo ọ̀pá sì wà níbẹ̀ láìfarapa. Igi yẹn nìkan ló ṣẹ́. Ìbọ̀sẹ̀ àtijọ́ ni kí ẹ fi bo orí àwọn ọ̀pá onírin lọ́kọ̀ọ̀kan, táwẹ́lì ni kí ẹ ká mọ́ ti dráífà. Bí orí dráífà yín bá jẹ́ èyí tó ṣeé tú, ẹ tú u, ẹ kó o sínú bàtà.

Ìbọ̀wọ́: ẹ mú ju ẹyọ kan lọ. Afẹ́fẹ́ etíkun tutù lára, ó kún fún omi, òógùn á sì mú ìbọ̀wọ́ kan rẹ kí ẹ tó gbá ihò 6 tán, ọ̀pá á wá máa yọ̀ lọ́wọ́. Ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀, ẹ máa fi èyí tó tutù kọ́ sára ọkọ̀ kó gbẹ. Ẹ̀wù ọlọ́rùn, ṣòkòtò tó bójú mu, bàtà tí ìṣó rẹ̀ jẹ́ oníke. Fìlà tó ní etí yíká. Ìpara oòrùn ńkọ́? Ẹ má sọ fún mi pé adúláwọ̀ ni wá. Atẹ́gùn òkun máa ń tan ni jẹ: ara yín á tutù, oòrùn á sì máa sun yín lọ́wọ́ kan náà, alẹ́ ni ẹ tó máa mọ̀.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ìdánrawò náà kò gbọ́dọ̀ dúró di ibẹ̀. Èmi máa ń ní kí àwọn tèmi mú ọ̀pá irin 7 kí wọ́n máa fi gbá bọ́ọ̀lù dé ibi tí ọ̀pá irin 9 wọn, èyí tí kì í gbé bọ́ọ̀lù jìnnà tó ti 7, máa ń gbé e dé. Ẹ di ọ̀pá náà mú nísàlẹ̀ díẹ̀ sí ibi tí ẹ máa ń dì í mú, ẹ jẹ́ kí bọ́ọ̀lù wà sẹ́yìn díẹ̀ nínú ìdúró yín, ẹ wá jù ú wẹ́rẹ́. Bí atẹ́gùn bá kọjú sí wa, ohun tí ara máa ń sọ ni pé kí a fi agbára gbá a. Agbára yẹn gan-an ló máa ń mú kí bọ́ọ̀lù yí gidigidi nínú afẹ́fẹ́, yíyí náà á gbé e sókè, atẹ́gùn á sì dá a padà síwájú yín. Èyí tó bá lọ nílẹ̀ nílẹ̀ ló ń dé ibi tó ń lọ. Bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́, ẹ má bá a jà, ẹ dojú kọ ẹ̀gbẹ́ ibi tó ti ń bọ̀, kó fúnra rẹ̀ gbé bọ́ọ̀lù wá sí àárín. Ọyẹ́ ló dára jù láti fi kọ́ èyí lọ́dọ̀ wa, láàárín December sí January, tí ekuru ń wọ ojú tí gbogbo ènìyàn sì sá wọlé.

Nǹkan kejì tó yẹ kí ẹ fi kọ́ra nílé ni gbígbá láìsí kádì, ẹni tó máa ń bá wa gbé àpò. Nílẹ̀ wa, kádì ló ń sọ fún wa: "Màmá, ẹ mú 8, ẹ wo apá igi yẹn." Ó mọ ilẹ̀ ju ẹni tó ni owó lọ. Ní ọ̀pọ̀ ibùdó etíkun òkèèrè, ọkọ̀ kékeré oníbátìrì ni wọ́n máa gbé lé yín lọ́wọ́, ó kù sọ́wọ́ yín. Nítorí náà, ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, ẹ bẹ kádì yín pé kó dákẹ́. Ẹ fún un lówó rẹ̀ pé, kó gbé àpò, kó sáà má sọ̀rọ̀. Yóò rò pé ẹ ń bínú sí i ni, ẹ ṣàlàyé fún un.

Koríko ibẹ̀ yàtọ̀. Púpọ̀ nínú pápá etíkun ilẹ̀ olóoru ni wọ́n ń gbin páspálọ́ọ̀mù sí, torí iyọ̀ kì í pa á bọ̀rọ̀. Ó nípọn, bọ́ọ̀lù máa ń jókòó sórí rẹ̀ dáadáa lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá wọ inú ibi tó ga, ó máa ń di ọ̀pá mú. Lórí gríìnì, ibi koríko kúkúrú tí ihò wà, bọ́ọ̀lù kì í sáré púpọ̀, ẹ gbá a kó dé ibẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá wọ òkun, tí wọ́n sì ti ri òpó pupa síbẹ̀, àmì ìyà kan péré ni, bí ẹni pé ẹ gbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan sí i: ẹ wo ibi tí bọ́ọ̀lù ti kọjá ààlà, ẹ wọn gígùn ọ̀pá méjì síta, níbi tí kò sún mọ́ ihò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ jù ú sílẹ̀ láti ibi orúnkún, kí ẹ máa bá a lọ. Kí ẹnikẹ́ni má sọ̀kalẹ̀ sórí òkúta etí omi torí bọ́ọ̀lù. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni òfin gbà fún wíwá a láti 2019, òkun kò sì mọ èyí tó ń jẹ́ ìṣẹ́jú. Bọ́ọ̀lù àlòkù ni kí ẹ kó lọ, kí ó pọ̀, kí ọkàn yín lè balẹ̀.

Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbá, àkókò àkọ́kọ́ tí wọ́n bá ní ni kí ẹ gbà. Láàárọ̀ kùtù, ilẹ̀ ṣì tutù, òkun náà dákẹ́. Bí oòrùn bá ti ń gòkè, ilẹ̀ máa ń yára gbóná ju omi lọ, afẹ́fẹ́ gbígbóná orí ilẹ̀ á gbéra sókè, ti orí òkun á wá rọ́ wọlé láti gba ipò rẹ̀. Nígbà tó bá fi máa di nǹkan bí aago mọ́kànlá, ẹ ó rí àsíá orí ihò tó ń jó. Ẹni tó bá jáde ní aago mẹ́fà ààbọ̀ ti ń sún mọ́ ihò 18 nígbà yẹn; ẹni tó jókòó ti àkàrà òyìnbó àti ẹyin títí di aago mẹ́sàn-án, òun ni atẹ́gùn ń dúró dè. Ẹ jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀pà lọ́nà, ẹ mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ yín. Iyán á dúró de ìgbà tí a bá padà délé. Bí wọ́n bá fọn fèrè mànàmáná, ẹ kúrò lórí pápá lójú ẹsẹ̀, ẹ má sá sábẹ́ igi, ẹ má ṣí agboòrùn. Ọ̀pá irin lẹ gbé dání, ẹ̀yin náà ẹ mọ ẹni tó ni mànàmáná.

Fún àwọn tí ọkọ tàbí aya wọn kì í gbá: ẹ má fi dandan mú wọn gun ọkọ̀ kékeré tẹ̀lé yín. Bàbá Fẹ́mi nílé wa sọ ọ́ gbangba pé, "Ìyá Fẹ́mi, ẹ̀yin ẹ máa lé bọ́ọ̀lù yín lọ, èmi òkun ni mo wá wò." Ó jókòó sábẹ́ agbòji pẹ̀lú ìwé ìròyìn rẹ̀ títí a fi dé, inú rẹ̀ dùn ju tiwa lọ. Ṣùgbọ́n kí àwọn tó fẹ́ wọ omi ṣọ́ra. Ibi tí òkúta iyùn bá yí etíkun ká bí ọgbà, omi inú rẹ̀ máa ń rọlẹ̀. Ibi tí kò bá sí òkúta náà, bíi Gris Gris ní Souillac ní gúúsù, kì í ṣe ibi ìwẹ̀, omi ibẹ̀ máa ń fa ènìyàn lọ. Ẹ wọ bàtà oníke wọ omi náà, torí ẹ̀dá kan wà nísàlẹ̀ tó ní ẹ̀gún bí òòrẹ̀.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò tíì gba èyí, ó lè lọ sí Lákọwé lójú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́. Pápá oníhò 18 wà níbẹ̀, omi yí i ká, ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, òkun kò sì jìnnà sí i. Kódà ẹni tó ń lọ sí Mauritius, kó kọ́kọ́ lọ síbẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀ kan. Ilẹ̀ tó tẹ́ máa ń da ojú àwa ará orí òkè rú, a kì í mọ bí ihò ṣe jìnnà tó.

Lọ́jọ́kọ́jọ́ tí ẹ bá gbá, bí ẹ bá ti gbá tán, ẹ fi omi tí kò níyọ̀ fọ àwọn ọ̀pá onírin, ẹ nù ún gbẹ. Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ máa ń jẹ irin láìpẹ́, wẹ́ẹ̀jì (ọ̀pá kúkúrú tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù sókè nítòsí ihò) tí kò ní nikẹ́ẹ̀lì lójú ló sì máa ń kọ́kọ́ pọ́n. Ẹ má gbá lọ́jọ́ tí ẹ máa wọ bàálù padà, torí àpò tútù tó bá wà ní títì láti ibẹ̀ dé Adó, èébu ló máa hù nínú rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ tún un fọ̀, ẹ fi epo ẹ̀rọ ìránṣọ díẹ̀ nù ún, ẹ tẹ́ ẹ sí abẹ́ ìbòòji, kì í ṣe inú oòrùn. Ìbòrí àpò náà, ẹ yí inú rẹ̀ sóde kí ẹ tó gbọn iyanrìn rẹ̀ dànù, ẹ sì fi igi mọ́ọ̀bù yẹn pamọ́.